WOLÉ-WOLÉ KÌ Í ṢE IṢẸ́ Ẹ̀TẸ́: Ìpè sí Àwọn Ọ̀dọ́ lórí Ẹ̀kọ́ Ìlera Àyíká

Lọ́dọọdún tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá gbé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé jáde, ohun kan náà ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé. Ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, tí wọ́n sì fún ní àyè nínú ẹ̀kọ́ ìlera àyíká, a fa ojú ro bí ẹni tí òfò ṣẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa rọ̀ ọ́ pé kí ó tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún tí ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ a sì béèrè bóyá nítorí àtidi wolé-wolé ni òun ṣe ta ilẹ̀ láti rán an ní ilé-ìwé. Àwọn tí wọ́n ti gba oyè àkọ́kọ́ pàápàá, nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹ̀kọ́ tí wọn yóò fi gba oyè másítà, ìmọ̀ okòwò àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ojú wọn ń wò. Ìlera àyíká kì í sí lára ohun tí wọ́n ń kà sí.

Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ń pa àwùjọ lára. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ọpọlọ rẹ̀ pé lè yàn lónìí, díẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ kárí ènìyàn tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n dunjú sì ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ àwùjọ ni omi àìmọ́, èéfín, májèlé inú ilẹ̀ àti ìdọ̀tí ojú gọ́tà. Làpálàpá ni púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń sáré lé.

KÍ NI Ẹ̀KỌ́ YÌÍ DÁ LÉ LÓRÍ?

Dókítà ilé-ìwòsàn ń tọ́jú ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀. Onímọ̀ ìlera àyíká ní tirẹ̀ ń wádìí ohun tí ó dá onítọ̀hún dùbúlẹ̀: omi tí ó mu, èéfín tí ó fà símú, oúnjẹ tí ó rà jẹ, ilẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣeré lórí rẹ̀, ẹ̀fọn tí ó jẹ ẹ́, eku tí ó wọ inú gààrí rẹ̀, àti kẹ́míkà tí ó ń fọwọ́ kàn níbi iṣẹ́. Bí ó bá ti rí i, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí ojú ihò náà kí ẹlòmíràn má baà já sínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2012, ikú tí ó tó mílíọ̀nù 12.6 káàkiri ayé ni ó ti ọwọ́ àyíká tí kò dára wá. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ikú ọdún náà.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àpẹẹrẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera àwùjọ kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ti wá. Ní ọdún 1854, onígbáméjì ń pa ènìyàn ní àdúgbò Soho. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ìgbà náà gbà pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ni ó ń fà á. Dókítà John Snow kò jókòó sí ilé ìtọ́jú rẹ̀. Ó wádìí láti ojúlé dé ojúlé, ó sàmì sí ilé tí òkú ti jáde, ó sì rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń pọn omi ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ó wà ní òpópó Broad Street. Àrùn náà ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìwádìí tí ó fi lélẹ̀ kò kú. Òun náà ni àwọn onímọ̀ ń lò títí di òní bí onígbáméjì bá tún bẹ́ sílẹ̀, bí ó ti bẹ́ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024.

Ẹ̀KỌ́ TÍ SÒBÌYÀ KỌ́NI

Kò sí ìdí láti lọ sí òkè òkun kí ẹ̀rí tó wà. Àwọn àgbàlagbà agbègbè Ìbàràpá, Òkè-Ògùn àti Kwara kò jẹ́ gbàgbé sòbìyà. Aràn gígùn bí okùn ni, tí ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀ láti ẹsẹ̀ ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àkókò iṣẹ́ oko ni ó sábà máa ń dá àgbẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ebi yóò sì tẹ̀lé àrùn wọ ilé. Títí di òní olónìí, kò sí oògùn tí ń wò ó sàn, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka iye àwọn tí ó mú jákèjádò Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Síbẹ̀, ẹni ìkẹyìn tí ó mú ní orílẹ̀-èdè yìí, oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìyà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Kí ni ó ṣẹ́gun rẹ̀ nígbà tí kò ní oògùn? Ìmọ̀ ni. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ọmọ aràn náà ń gbé inú kòkòrò wẹ́wẹ́ kan tí ó wà nínú omi adágún. Pé bí ènìyàn bá mu omi náà, aràn yóò dàgbà nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan. Àti pé bí ẹni tí egbò rẹ̀ ti là bá ki ẹsẹ̀ bọ adágún, ó ti tún tú ọmọ aràn sínú omi fún àwọn ẹlòmíràn. Aṣọ asẹ́, kànga tí wọ́n gbẹ́ dáadáa, oògùn tí wọ́n dà sínú adágún láti pa kòkòrò náà, àti ìlanilọ́yẹ̀ láti abúlé dé abúlé ni wọ́n fi gé okùn rẹ̀. Ní Ìdèrè, nílẹ̀ Ìbàràpá, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ará ìlú ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n kọ́kọ́ fetí sí ohun tí àwọn ará ìlú gbàgbọ́, nítorí àwọn kan gbà pé sòbìyà ti wà nínú ara gbogbo ènìyàn láti ilẹ̀ wá, kí wọ́n tó sọ tiwọn. Ẹni tí ó bá gbé ìgbéraga ìwé rù wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè rí nǹkan kan ṣe.

ÀWỌN ỌMỌDÉ ZAMFARA

Àpẹẹrẹ kejì korò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, àwọn ọmọdé ń kú ní àwọn abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Zamfara, tí Dareta àti Yargalma wà lára wọn. Gìrì ń gbé wọn, àwọn òbí sì rò pé ibà ni. Àwọn dókítà àjọ Médecins Sans Frontières gbọ́ nípa rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún náà. Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ ni ó wá fi hàn pé òjé ni ó ń pa wọ́n. Àwọn ará abúlé ń wa wúrà, òkúta tí wúrà náà sì wà nínú rẹ̀ ní òjé púpọ̀. Wọ́n ń gbé òkúta náà wálé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú ọgbà, eruku rẹ̀ sì ń bà sórí ẹní, sínú ìkòkò omi, àti sí ọwọ́ àwọn ọmọ tí ń rá nílẹ̀. Ó kéré tán, ọmọ 400 ni ó bá a lọ.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára dókítà nìkan. Oògùn tí ń fa òjé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kí ni èrè rẹ̀ bí ọmọ tí ó gba oògùn bá tún padà sí ilé tí òjé kún inú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀? Dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá àwọn tí yóò wọn òjé inú ilẹ̀, tí yóò ho iyẹ̀pẹ̀ òkè kúrò ní ilé kọ̀ọ̀kan, tí yóò sin ín síbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára, tí yóò sì da iyẹ̀pẹ̀ tuntun dípò rẹ̀. Abúlé Bagega kò rí iṣẹ́ yìí gbà títí di ọdún 2013, nítorí owó rẹ̀ pẹ́ kí ó tó jáde. Láàrin àkókò náà, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ṣeré lórí májèlé.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó darí ìwádìí àti ìfọ̀mọ́ náà, láti òkè òkun ni wọ́n ti wá. Ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò yẹ kí ó jẹ́ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sùn: nínú orílẹ̀-èdè tí yunifásítì rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, ní àárín àwùjọ tí ó jẹ́ ti Mùsùlùmí, kí ni ìdí tí àwọn ọmọ fi ní láti máa kú fún oṣù púpọ̀ kí ẹnì kan tó mọ ohun tí ó ń pa wọ́n? Inú ọgbà ilé, níbi tí àwọn ìyàwó ilé wà, ni púpọ̀ nínú eruku náà ti ń tú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọkùnrin àjèjì ń ṣàdédé wọ̀. Bí kò bá sí obìnrin tí ó kọ́ ìmọ̀ yìí, ta ni yóò wọlé tọ àwọn ẹlẹ́hàá lọ láti là wọ́n lọ́yẹ̀? Àwọn arábìnrin tí ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ ọkùnrin ni iṣẹ́ yìí gbọdọ̀ ro èyí dáadáa.

MUHTASIB ÀTI WOLÉ-WOLÉ

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí ìtàn Mùsùlùmí. Ní Baghdad, Damascus, Cairo àti àwọn ìlú Andalus, òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní muhtasib. Òun ni ó ń yẹ òṣùwọ̀n wò lọ́jà, òun ni ó ń wo ẹran tí alápatà gbé ka orí tábìlì àti omi tí àwọn apọnmi ń tà, òun ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdọ̀tí dí ojú ọ̀nà. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí al-Shayzari kọ fún àwọn muhtasib ní ọ̀rúndún kejìlá wà títí di òní, ó sì ń mú iṣẹ́ ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti aṣebúrẹ́dì, ti alápatà, ti apòògùn, ó ń sọ èrú tí wọ́n lè ṣe àti bí muhtasib yóò ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ní ìmọ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, ni wọ́n ń wá fún ipò náà.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn tún ní orúkọ fún irú ẹ̀kọ́ yìí: fardu kifaya, ọ̀ranyàn tí ó wà lọ́rùn gbogbo àwùjọ, tí ó ń kúrò lọ́rùn àwọn yòókù bí àwọn kan bá ṣe é, tí gbogbo wọn sì pín nínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é. Imam al-Ghazali ka ìmọ̀ ìṣègùn àti ìṣirò mọ́ ọn. Ó sì ṣàròyé gidigidi nípa bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà tirẹ̀ ṣe ń rọ́ lọ sídìí ẹ̀kọ́ òfin nítorí ipò àti owó, tí ìlú fi wà láìní oníṣègùn tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Bí ó bá wà láyé lónìí, àròyé náà kò ní yàtọ̀.

Ní Èkó pàápàá, ìgbà kan wà tí wolé-wolé ní iyì. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí ó ti ara eku wá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣíwájú ìlera àwùjọ ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tí ó kojú rẹ̀. Òun náà ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé. Nígbà náà, bí wolé-wolé bá yọ lókèèrè, ìyá arúgbó a tètè ṣí ìkòkò omi rẹ̀ wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀.

Kí ni ó sọ iyì náà nù? Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wà lára rẹ̀. Wolé-wolé tí ó gba owó, tí ó sì gbójú fo ṣáláńgá tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, òun ni ó kọ́ ará ìlú láti máa fi iṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Àìkàsí ìjọba náà wà níbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé gbígbá ojúlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ìmọ́tótó, èyí tí ìjọba Èkó sì fòpin sí ìsénimọ́lé rẹ̀ ní ọdún 2016. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tí wọ́n sì bẹ̀rù Ọlọ́hun wọ̀ ọ́. Bí àwọn tí orí wọn pé bá ń sá, ọwọ́ ta ni yóò kù sí?

Ọ̀NÀ TÍ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ GBÀ

Ẹni tí ó bá gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìlera àyíká lè forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 2002 gbé kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn oyè másítà nínú ìlera àwùjọ kò mọ sọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kẹ́mísírì, ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí, jọ́gíráfì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìṣègùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà fún ìmọ̀ ìlera àyíká gan-an. Ẹni tí Ọlọ́hun bá ṣí ọ̀nà fún lè dé ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó àti ìṣègùn ilẹ̀ olóoru ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ti wà láti ọdún 1899, tàbí Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1916. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Commonwealth àti Chevening wà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Báńkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù tí ó wà ní Jeddah náà ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìlànà wọn, nítorí ìgbà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ kí ó tó gbéra. Èkíní, ìṣirò ni egungun ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tí ó bá ń sá fún un kò lè mọ̀ bóyá omi ni ó ń pa àwọn ará àdúgbò tàbí ohun mìíràn. Èkejì, kí ó yan ìbéèrè ìwádìí rẹ̀ láti àdúgbò rẹ̀: èéfín jẹnẹrétọ̀ nínú ọjà, omi tí ń ṣàn jáde láti ilé ìpẹran, bátìrì mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ń fọ́ láàrin ilé, eku tí ń gbé ibà Lassa kiri. Ìwádìí tí a ṣe nítorí kí ìwé lè pé kì í mú ìlú dára. Ẹ̀kẹta, kí ó mọ èdè àwọn ará ìlú, nítorí ẹni tí kò lè ṣàlàyé onígbáméjì fún ìyá oníwàrà ní Yorùbá tí ó yé e kò tíì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

ṢÉ IṢẸ́ WÀ NÍBẸ̀?

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tan ọ̀dọ́ jẹ. Ìjọba ìbílẹ̀, tí ó yẹ kí ó gba wolé-wolé jù, kì í sábà gbani, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹni tí ó bá ń wá owó òjijì, ibòmíràn ni kí ó lọ. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ni òpin ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera etíkun àti pápákọ̀ òfurufú ń ṣọ́ ẹnu ibodè. Ìjà tí Nàìjíríà bá Ebola jà ní ọdún 2014 fi ìwúlò wọn hàn. NAFDAC, tí òfin ọdún 1993 gbé kalẹ̀, ń fẹ́ àwọn tí ó mọ oúnjẹ àti májèlé; NESREA, tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀, ń ṣọ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ ń tú sínú odò àti afẹ́fẹ́. Láti ọdún 1992 ni òfin ti sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ ńlá yóò fà fún àyíká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ni wọ́n ń gbà láti ṣe àyẹ̀wò náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo, sìmẹ́ńtì àti oúnjẹ ń wá ẹni tí yóò dáàbò bo ìlera òṣìṣẹ́ wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ń gba irú wọn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dá dúró lè dá ilé àyẹ̀wò omi sílẹ̀, tàbí kí ó máa sọ ìdọ̀tí ọjà di ajílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní bí ọ̀dọ́ bá kàwé tán, òkè òkun ni yóò sá lọ. Ọ̀pọ̀ ń lọ lóòótọ́, kò sì yẹ kí a bú ẹni tí kò rí iṣẹ́ nílé. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìlera àyíká yàtọ̀: omi Lọ́ńdọ̀nù ti mọ́ tipẹ́, omi abúlé ni ó ń dúró dè é. Ibi tí ìṣòro bá pọ̀ sí ni ìmọ̀ rẹ̀ ti níye lórí jù.

OJÚṢE ÒBÍ ÀTI ẸGBẸ́

Àwọn òbí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn padà. Ọmọ tí ó bá ń gbọ́ nínú ilé pé iṣẹ́ ẹ̀gbin ni ìmọ́tótó kò ní yàn án láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí ń fún ọmọ ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ nítorí ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ òfin gbọ́dọ̀ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, ó kéré tán fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan lọ́dọọdún.

Ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò jìnnà. Ìmọ́tótó ni ilẹ̀kùn ìrun, kò sì sí mọ́ṣáláṣí tí kò ní ibi àlúwàlá. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ẹnì kan ti yẹ omi rẹ̀ wò rí? Mélòó ni kànga rẹ̀ jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30? Mélòó ni omi àlúwàlá ti ń ṣàn sí ojú títì, tí ẹ̀fọn ń pamọ nínú rẹ̀? Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ tí ó kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n gba omi mọ́ṣáláṣí mẹ́wàá lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ fún ìjọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Inú irú iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá ti ń sọ.

Àwọn ọmọ tí ó kú ní Zamfara kò lè padà wá mọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí sòbìyà ì bá ti dá mọ́lẹ̀ ń lọ sóko lónìí, wọn kò sì mọ orúkọ ẹni tí ó fi aṣọ sẹ́ omi náà fún àwọn baba wọn. Láàrin ọ̀fọ̀ ti àkọ́kọ́ àti àlàáfíà ti èkejì, ìmọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Kí Ọlọ́hun gbé àwọn tí yóò wá a, tí yóò sì lò ó pẹ̀lú òtítọ́, dìde láàrin àwọn ọ̀dọ́. Àmín.